Ẹni Kejì Tó Wà Nínú Fọ́tò Òjìji

Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún mi, màá ní kó lọ sùn ni. Ẹ̀yin náà lè rẹ́rìn-ín, mi ò ní bínú. Àmọ́ mi ò mutí, mi ò sì lálàá. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ẹ gbà mí gbọ́.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe, ní Surulere. Èyí táwọn èèyàn mọ̀ mọ́ mi jù ni fọ́tò òjìji. Oníbàárà á dúró níwájú oòrùn tó ń wọ̀, ara rẹ̀ á dúdú bíi kóró iṣin, kìkì ìrísí rẹ̀ lẹ máa rí. Kò sí ojú, kò sí àtíkè, kò sí aṣọ olówó ńlá. Imú, àgbọ̀n, ikùn, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n Múfú ló kọ́ mi níṣẹ́. Òfin kan wà tí kì í fi ṣeré: kó tó ní kí oníbàárà dúró síbì kan, òun fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ dúró níbẹ̀. Á gbé kámẹ́rà sọ́wọ́ ọ̀tún, á na ọwọ́ òsì sókè kí àwa ọmọ iṣẹ́ lè wo ibi tí oòrùn bá a dé, tòun ti fìlà abetí ajá tí kì í kúrò lórí rẹ̀. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti kú nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Oníbàárà mi lọ́jọ́ náà ni Àǹtí Rónkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó ń gbé ní Yaba. Oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi wá a. Ẹni tó bá ti wá ọmọ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ní orí dẹ́kì ilé tí ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ń kọ́ ní Mushin la ti máa yà á. Ilé alájà mẹ́ta ni, wọn ò tíì mọ ògiri kankan yí òkè ká.

Ó pẹ́ kó tó dé. Ìgbà tá a fi gòkè, oòrùn ti ń sáré lọ. Tó bá ti bọ́, ó di ọ̀la, Àǹtí Rónkẹ́ ò sì ní ọ̀la tó pọ̀ nílẹ̀ kó tó bímọ. Mo sọ fún ara mi pé kò sáyè òfin Ẹ̀gbọ́n Múfú lónìí.

Mo dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, kí ikùn rẹ̀ lè ga sínú ọ̀run. Mo ní kó yẹ̀gbẹ́ sí mi, kó gbé àgbọ̀n sókè, kó má sì wẹ̀yìn rárá, torí tó bá ti yíjú, imú rẹ̀ á pòórá nínú fọ́tò. Táǹkì omi ilé kejì wá ń yọ jáde lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ kó fi ara bò ó.

"Ẹ fẹ̀yìn rìn díẹ̀, Àǹtí."

Ó rìn.

"Ó ku díẹ̀ sí i."

Ó tún rìn. Láti ibi tí mo sùn sí, dúdú ni gbogbo ilẹ̀ yẹn. Mi ò mọ ibi tí dẹ́kì pin sí.

Ìgbà yẹn ni mo rí ẹni kejì. Ó dúró gbọnin sẹ́yìn Àǹtí Rónkẹ́, ó na ọwọ́ òsì sókè. Ìmọ́lẹ̀ gba àárín wọn kọjá, àfi bíi pé èmi ni mo tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Inú bí mi. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ yà fún wa!"

Àǹtí Rónkẹ́ dúró sójú kan. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ta ló wà lẹ́yìn mi?"

Ìka mi ti tẹ kámẹ́rà. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo dìde. Òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wọ orí dẹ́kì yẹn, ẹ̀yìn mi ló sì wà. Ẹni tó bá máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba orí mi kọjá. Mo wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti gìgísẹ̀ rẹ̀ sí etí dẹ́kì, kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, irin ilé ló sì wà lóròó nísàlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má wẹ̀yìn," mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ rọra."

Ó wá. Mo dì mọ́ ọn, àwa méjèèjì jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, a sunkún bí ọmọdé.

Ìgbà tá a wo fọ́tò náà, ẹni kejì wà nínú rẹ̀. Àǹtí Rónkẹ́ fọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá mi nìyí. Ẹ wo gèlè wọn. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n. Orí àdúrà ọmọ yìí ni wọ́n kú sí."

Ohun tó ń pè ní gèlè, etí fìlà abetí ajá méjèèjì ni lójú tèmi. Òjìji ò sì ní ojú tá a máa fi dá a mọ̀.

Ó bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Ìyábọ̀. Fọ́tò náà wà ní pálọ̀ wọn. Gbogbo ọjọ́ ìbí ọmọ náà ló máa ń pè mí láti dúpẹ́, èmi tí mo ń fẹnu tì í lọ síbi ikú. Ọpẹ́ yẹn máa ń wọ̀ mí lára, ó sì máa ń tì mí lójú. Títí dòní, mi ò tíì sọ̀rọ̀ fìlà fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya fọ́tò, ẹ gbọ́ o: kẹ́ ẹ tó sọ fún èèyàn pé kó fẹ̀yìn rìn, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹni tó wà nínú kámẹ́rà yín bá sì ju iye tẹ́ ẹ kà lọ, ẹ má lé e. Ẹ kí i.

Ní tèmi, mo máa ń kọ́kọ́ lọ dúró níbẹ̀ báyìí, màá na ọwọ́ òsì sókè, màá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni yòówù kó jẹ́. Àmọ́ mi ò kì í wẹ̀yìn.