Òṣùká Ìkúnlẹ̀

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé òṣùká kan ò ju òṣùká kan lọ. Láyé àwọn Faransé, nígbà tí mo di ìyàwó ní Tchaourou, òṣùká ló kù díẹ̀ kó sọ mí di ẹni ẹ̀sín títí ayé.

Àṣà ilé ọkọ mi ni pé lówùúrọ̀ àkọ́kọ́, ìyàwó á pọn omi àlùwàlá fún bàbá ọkọ rẹ̀. Tó bá dé, á kúnlẹ̀ tòun ti ìkòkò lórí, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, títí bàbá á fi ṣàdúrà tán. Ìyàwó kan tó ṣáájú mi wọ ilé yẹn fọ́ ìkòkò tirẹ̀. Ó ti di ìyá àgbà, síbẹ̀ tó bá gbé igbá lásán, ẹnìkan á kígbe pé, "Ẹ yà o, ó ń bọ̀!" Èmi mọ ara mi. Mi ò gba yẹ̀yẹ́.

Ìyá mi ní Alafiarou ló fi àkísà àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ṣe òṣùká mi. Èyí àkọ́kọ́, mo gbé e lérí, mo gbé ìkòkò omi lé e, mo rìn yí àgbàlá ká, mo ní, "Ìyá, ó ti dáa."

Ó ní, "Ó dáa fún ìrìn. Ṣé ìrìn ni wọ́n ní kí o wá rìn fún wọn ni? Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀, ìkòkò yọ̀ síwájú, ìyá mi sáré gbá a mú. Ó tú òṣùká náà palẹ̀. Bó ṣe ń dì í tó ń tú u nìyẹn, títí orúnkún mi fi bó. Mo sunkún, mo bú òṣùká, díẹ̀ ló kù kí n bú ẹni tó bí mi. Nígbà tó parí, iwájú rẹ̀ ga ju ẹ̀yìn lọ, inú rẹ̀ bá kókó àtàrí mi mu, okùn líle ló sì fi wé òkè rẹ̀ kí ìdí ìkòkò lè rí nǹkan dì mú. Ó burẹ́wà bí ìtẹ́ adìyẹ.

Lówùúrọ̀ àkọ́kọ́ nílé ọkọ, àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí èmi náà gbọ́dọ̀ máa pè ní ọkọ mi, rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Kí lèyí? Ojú la ti ń mọ oúnjẹ tí yóò yó ni o!" Ó mú tirẹ̀ jáde, aláràn-án pupa, aṣọ tí wọ́n rà lẹ́bàá ojú irin. Ó ń tọ́jú rẹ̀ de ìgbéyàwó tirẹ̀ tó ń bọ̀. Ó gbé e lé mi lórí. Ìyàwó ọjọ́ kan wo ló máa kọ nǹkan lọ́wọ́ ọkọ? Mo so ti ìyá mi mọ́ ìdí, lábẹ́ ìró.

Bí èmi àti òun ṣe ń ti odò bọ̀, òṣùká aláràn-án náà rọ̀ lórí bí òwú, kò sì yẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá mi ò kúrò létí mi. Nígbà tí mo rí òrùlé ilé, mo tẹ orúnkún díẹ̀ wò. Ìkòkò sún.

"Ọkọ mi, ẹ dákun, ẹ sọ̀ mí."

Mo yọ ìtẹ́ adìyẹ mi síta. Ojú rẹ̀ yí padà. "O kọ tèmi?"

"Ẹ má bínú. Tí ìkòkò bá fọ́, èmi ni wọ́n máa fi ṣẹ̀sín."

Ó gbé omi rù mí, ó sì ṣáájú mi wọlé. Kí n tó dé, gbogbo ilé ti gbọ́ pé ìyàwó tuntun kọ nǹkan ọkọ rẹ̀. Wọ́n dúró yí mi ká, ẹnikẹ́ni ò kí mi.

Mo kúnlẹ̀. Bàbá ọkọ mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ṣe ti ọmọ, ó ṣe ti iṣu, ó ṣe ti òjò. Òkúta ń gún mi lórúnkún, ọrùn mi ń gbọ̀n. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ti àwọn òkú! Bàbá, ẹ ṣàánú mi, ni mò ń wí nínú. Ọkọ mi obìnrin ò wojú mi, ìkòkò ló ń wò. Ìkòkò ò mì.

"Àmín," ni wọ́n wí. Omi ò ta sí mi lójú rárá.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò rí òṣùká mi níbi tí mo gbé e kọ́ sí. Inú bí mi gan-an, mo sì mọ ẹni tó mú un, àmọ́ ìyàwó ò lè pe ọkọ rẹ̀ lólè. Nírọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ gbé e wá. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti bó.

"Kò bá orí mi mu," ló wí. "Mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ."

A lọ sí Alafiarou. Ìyá mi kí i dáadáa, ó fún un lómi mu, ó fọwọ́ tẹ àtàrí rẹ̀ yí ká. Lẹ́yìn náà ló di òṣùká kan fún un, ó sì gbé ìkòkò lé e lórí.

"Kúnlẹ̀," ló wí.