Ilé Tí Ìyá Àgbà Ń Rí Lórí Jáńgírọ́fà

Àga náà gbé wa kúrò nílẹ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì dirodiro. Irin ń ké kíìn, kíìn, lókè orí wa, òórùn gírísì dàpọ̀ mọ́ òórùn òrí tí ìyá àgbà fi para láàárọ̀. Wọ́n na apá kan kọjá àyà mi, wọ́n fi di ọ̀pá àga mú. Wọ́n ní, "Bísímílà." Èmi ní, "Jésù." Bàbá tó ń yí kẹ̀kẹ́ náà nísàlẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ ti bẹ apá ọ̀tún, ẹ ti bẹ apá òsì, kò lè já mọ́." Mo di ojú mi pa. Láti ìgbà tí àga bá ti kúrò nílẹ̀ títí tó fi máa padà balẹ̀, n kì í la ojú, bẹ́ẹ̀ èmi náà ni mo máa ń sunkún pé kí wọ́n mú mi lọ.

Kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá. Wẹ́dà kan ló jó irin pọ̀ di kẹ̀kẹ́ gíga kan tó dúró lóòró, ó wá so àga mẹ́rin rọ̀ mọ́ ọn, àga kọ̀ọ̀kan gba ènìyàn méjì. Kò lo iná, kò lo jẹnẹrétọ̀. Ọwọ́ ni bàbá náà àti ọmọkùnrin wọn fi ń yí i. Ní pápá tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa ní Kétu ni wọ́n máa ń gbé e sí tí Kérésì bá ku díẹ̀. Láwọn ọdún yẹn Kérésì àti Iléyá súnmọ́ra, nítorí náà jáńgírọ́fà máa ń wà níbẹ̀ títí ọyẹ́ fi máa lọ, nínú eruku, nínú òórùn tòmátì tó ti rọ̀ jù tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti ọjà Máìlì Twélfù.

Àwọn ọmọdé ló wà fún. Ìyá àgbà nìkan ni àgbàlagbà tó ń gùn ún. Nítorí tiwọn, bàbá náà ní láti gbé àpò yanrìn sínú àga tó kọjú sí tiwa, kí kẹ̀kẹ́ má baà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹ̀yin àti àpò yìí, ta ló wúwo jù?" Ìyá àgbà á ní, "Yanrìn ò jẹ iyán rí."

Àṣà kan wà níbẹ̀. Tí àga bá ti dé téńté òkè, bàbá náà á di kẹ̀kẹ́ mú, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á pariwo pé, "Kí lẹ rí?" Wọn kò ní sọ ẹ́ kalẹ̀ títí o fi máa dáhùn. Àwọn ọmọ á ní àwọn rí Ìbàdàn. Àwọn mìíràn á ní àwọn rí òkun. Ọmọ kan wà ládùúgbò wa tó máa ń ní òun rí ìyá bàbá náà tó ń jí ẹran nínú ìkòkò. Èmi kì í rí nǹkan kan, ẹ ṣáà ti mọ̀dí rẹ̀. Ìyá àgbà ló máa ń dáhùn fún àwa méjèèjì, ìdáhùn kan náà ni nígbà gbogbo.

"Mo rí ilé."

"Màmá, pẹ̀lú gbogbo ilé tó pọ̀ báyìí, èwo lẹ rí níbẹ̀?"

"Èyí tí mo rí ni mo ní mo rí."

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe fún mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè dà bí nǹkan kékeré. Ìyá tó bí màmá mi ni wọ́n. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ń gbé. Lẹ́yìn tí bàbá àgbà kú, wọ́n ṣubú létí kànga, kò sì sí ẹni tó wà nílé tó máa gbé wọn dìde. Mọ́mì lọ mú wọn wá sí Èkó pé kí wọ́n sinmi fún oṣù díẹ̀. Oṣù díẹ̀ náà ò tán mọ́. Yàrá kan náà lèmi pẹ̀lú wọn jọ ń sùn. Ohùn tẹ̀sùbáà wọn ló ń jí mi, ohùn ìgbálẹ̀ wọn ló ń tẹ̀ lé e, wọ́n á máa gbá iwájú ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, níbi tí ewé kan kì í já bọ́ sí. Tí wọ́n bá gbá a tán, wọ́n á dúró, wọ́n á wo ilẹ̀ náà bí ẹni pé ó yẹ kí nǹkan kan wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án, tí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n lè ṣàdédé sọ pé, "Ìṣin á ti máa là báyìí." Igi ìṣin kan wà lójúde wọn ní Ìsẹ́yìn. Mọ́mì á ní, "Ẹ jẹ́ kó là, Màmá. Àwọn ẹyẹ á jẹ ẹ́." Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n máa lọ. Mo máa ń jí lóru láti fọwọ́ kàn wọ́n. Nítorí náà, tí mo bá gbọ́ tí wọ́n sọ lókè pé àwọn rí ilé, ọkàn mi á balẹ̀. Ilé wa ni mo rò pé wọ́n ń rí. Mo rò pé tí ènìyàn bá ti lè pe ibì kan ní ilé, láti òkè, létí gbogbo ayé, a jẹ́ pé ó ti gbà láti máa gbé ibẹ̀ nìyẹn. Mo tilẹ̀ lọ sọ fún Mọ́mì. Inú Mọ́mì dùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì wọ́n pé ìyá wọn ń gun jáńgírọ́fà. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ti rí ìyá àgbà níbẹ̀, ó sì ti bi Mọ́mì pé, "Ṣé màmá yín nìyẹn tàbí àbúrò yín?"

Lọ́jọ́ kan, a pẹ́ lókè ju bí a ṣe máa ń pẹ́ lọ. Àwọn ọmọ méjì ló ń jà sí àga nísàlẹ̀, bàbá náà sì ń là wọ́n. Irin dákẹ́. Ìyá àgbà náà dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ló jẹ́ kí n la ojú.

Mo rí páànù, páànù, páànù, eruku ọyẹ́ sì bò wọ́n. Lẹ́yìn gbogbo páànù, mo rí ọ̀nà márosẹ̀, àti àwọn bọ́ọ̀sì tó gbé ẹrù sórí, tí wọ́n ń kúrò ní Èkó níkọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ojú ìyá àgbà wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá táńkì omi aláwọ̀ búlúù tó wà lórí ilé wa. Mo wá a níwájú, mi ò rí i. Ìgbà tí mo yí ọrùn pátápátá ni mo tó rí i.

Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ̀yìn wa nilé wà."

Wọn kò yíjú. Wọ́n ní, "Tiyín ló wà lẹ́yìn."

Wọn kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ tí mo ṣì pè pè fún mi. Bàbá náà wá pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Kí lẹ rí?" Ìyá àgbà wò mí. Mo rò pé wọn kò fẹ́ sọ ọ́ mọ́ lójú mi, ní báyìí tó ti yé mi. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Wọ́n rí ilé."

Nírọ̀lẹ́, mo bá Mọ́mì ní ilé ìdáná, wọ́n ń ṣan ẹ̀wà.

"Mọ́mì, ilé tí ìyá àgbà ń rí, kì í ṣe tiwa."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Ọ̀nà márosẹ̀ ni wọ́n máa ń wò. Ilé wọn ni wọ́n ń wò."

"Ta ló máa bá wọn gbé níbẹ̀? Ṣé ìwọ ni?" Wọ́n da omi nù, wọ́n bu òmíràn, wọ́n tún ṣan ẹ̀wà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Mọ́mì ò bọ́ aṣọ. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ." Gbogbo pápá ló ń wò wọ́n títí tí wọ́n fi dé ìdí jáńgírọ́fà. Bàbá náà ní, "Mádàámú, gèlè yẹn á fò o." Mọ́mì ní, "Kó fò." Àpò yanrìn kan kò tó fún àgbàlagbà méjì. Wọ́n fi òmíràn kún un, kò tó síbẹ̀, ni wọ́n bá gbé èmi náà lé àwọn àpò náà lórí, nínú àga tó kọjú sí tiwọn. Bí tiwọn ṣe ń lọ sókè ni tèmi ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé téńté, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Mo jókòó gírígírí, mo ń gbìyànjú láti wúwo.

"Kí lẹ rí?"

Mo gbọ́ ohùn ìyá àgbà. "Ẹ bi ọmọ mi."

Mọ́mì ló dáhùn. Wọ́n ní, "Mo rí ọ̀nà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mádàámú, ọ̀nà ibo?" Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Mọ́mì fi etí gèlè nu ojú, wọ́n ní eruku ló kó sí i. Kí a tó délé, wọ́n ní, "Màmá, Iléyá ò ní bá yín níbí. Màá wá ẹni tí á máa bá yín gbé lọ́hùn-ún." Ìyá àgbà dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ilé ti yá nìyẹn," wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí gbogbo àlàfo eyín wọn fi hàn.

Èmi àti Mọ́mì la sìn wọ́n dé gáréèjì ní Ọjọ́ta. Wọ́n ki òrí sínú agolo kékeré kan fún mi. Láti ojú fèrèsé, wọ́n ní, "Ìyá mi kékeré, tí o bá tún gùn ún, máa la ojú. Kí lo ń lọ wò tẹ́lẹ̀?" Wọ́n mọ̀. Látìgbà tí a ti ń gùn ún, wọ́n mọ̀.

Wọ́n lo ọdún díẹ̀ sí i ní Ìsẹ́yìn. Mo jẹ ìṣin wọn, mo gbá ojúde wọn tí ewé kún. Ibẹ̀ náà ni wọ́n kú sí, èyí sì ń tù mí nínú. Ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ pé ohun tí mo fẹ́ nìyẹn nígbà tí mo wà lórí àpò yanrìn. Mo fẹ́ kí wọ́n dúró tì mí. Mo sì jókòó gírígírí kí wọ́n lè wà lókè. Ohun méjèèjì ló ṣì wà lára mi títí di òní, mi ò mọ èyí tó wúwo jù.

Mo ti parí yunifásítì báyìí, mo ti sìnlú, mo ń wáṣẹ́. Níbi gbogbo tí mo bá ti lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n á bi mí pé níbo ni mo rí ara mi ní ọdún márùn-ún sí i. Á dà bí ìgbà tí ẹnì kan di kẹ̀kẹ́ mú tí mo wà lókè. Mo ti há ìdáhùn sórí. Mo máa ń sọ ọ́ dáadáa. Tí mo bá délé, mo máa ń ronú pé mi ò la ojú nígbà tí mo sọ ọ́.

Wọ́n ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta sí pápá náà, ṣọ́ọ̀bù ló kún inú rẹ̀. Òkè pátápátá ni mo ti lọ tẹ ìwé tí mo fi ń wáṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo jáde, mo dúró lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀nà márosẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọjú sí, nítorí tiwọn. Lẹ́yìn náà mo yí padà. Páànù wa ti dípẹtà, táńkì omi ti ṣá, kò jọ búlúù mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé páálí sórí ń gòkè bọ̀, mo sì dí i lọ́nà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ̀ ń wò níbẹ̀?"

Mo ní, "Ilé ni."

Ó wo gbogbo páànù tó tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú wa, ó wò mí, ó sì kọjá.