Ẹ̀rọ Tó Ń Fọ Ẹ̀mú, Tí Kò Gba Ẹ̀bẹ̀

Gbogbo ìwé tí mo kà ní yunifásítì, kò sí èyí tó kọ́ mi bí a ṣe ń fara da eyín ríro. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú lọ sí ilé ìwòsàn eléyín kékeré kan ní Ibereko, gbogbo gírámà mi ti di "yéè".

Dókítà, obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, yẹ ẹnu mi wò, ó ní kí n lọ jókòó ná. Gbogbo ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ eyín ṣì wà nínú ẹ̀rọ tó ń fọ̀ wọ́n, tó sì ń fi omi gbígbóná pa kòkòrò ara wọn. Mo jókòó ti ọkùnrin kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní bọ́dà Seme. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín tirẹ̀ ni. Ó ki òwú bọ ojú ibẹ̀, ó ń dúró de oògùn.

Ẹ̀rọ náà ń kùn lọ, ó kù díẹ̀ kó parí, ni iná bá lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, àmọ́ dókítà ní àfi kí wọ́n tún fọ̀ wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Àánú mi ṣe ará Seme.

"Dókítà mi," ó fi ohùn Ègùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ gba inú òwú, "ẹ jẹ́ ká wá nǹkan ṣe sí i. Ní bọ́dà, ẹrù tó bá ti kọjá ìdajì ọ̀nà, ó ti wọlé nìyẹn. Ẹ yọ ọ̀kan níbẹ̀, ẹ fi sípíríìtì nù ún. Ẹ̀gbọ́n yìí ń kú lọ!"

Èmi tí mo máa ń kọ̀wé bú àwọn tó ń gba ẹ̀bùrú, mo ń mi orí bí alángbá.

Dókítà ò bínú. "Bàbá, ṣé ẹ mọ ẹnu tí ẹ̀mú tí mo fẹ́ fi yọ eyín yín ti jáde láàárọ̀ yìí?" Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí alágbàwí mi.

Mo yíjú sí i. Ó rẹ́rìn-ín sí mi tìfẹ́tìfẹ́. Òwú ti pọ́n, obì àná ṣì há sáàárín eyín tó kù.

"Ẹ tún un fọ̀," ni mo wí. "Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ̀gbọ́n! Èmi tí mò ń bá yín bẹ̀bẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí òwú fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ parí iṣẹ́, dókítà já ọ̀rá tí ẹ̀mú wà nínú rẹ̀ níṣojú mi, ó yọ eyín náà, ó sì ki òwú bọ ojú ibẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ rẹ̀: gbogbo ibi tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró títí dé Seme ló ní etí tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀, èyí nìkan ni kò ní.

Oògùn ará Seme ti dé tipẹ́, àmọ́ ó dúró dè mí. Bí a ṣe ń jáde, obìnrin kan láti Kankon wọlé, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Wọ́n ní ẹ̀mú wà nínú ẹ̀rọ.

"Ẹ ṣáà ṣàn án lómi gbígbóná fún mi!"

Àwa méjèèjì wo ara wa, a sì ya ẹnu fún un kó wo òwú wa, níbi tí ẹ̀mú náà ti jáde. Ó jókòó.