Ìṣẹ́jú Méjì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ní ilé ìwòsàn kan ní Òkòkòmáíkò, tí ẹ̀rọ kan ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí adìyẹ tí àwòdì gbé lọ́mọ. Kò tíì pẹ́ tí mo parí ilé kéwú nígbà náà. Bí ẹ̀rọ náà bá ti ké, mo máa ń rò pé ikú ti dé nìyẹn, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Yásíìn, súrà tí a máa ń kà fún ẹni tó ń kú lọ. Ìgbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Àlùfáà, ẹ má tíì sin màmá wa o! Nǹkan etí wọn ló yọ."

Làálì dúdú tí ìyá mi lé fún ọdún Iléyá kò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà rí ẹ̀jẹ̀ ìka wọn dáadáa, etí ni nọ́ọ̀sì wá há ẹnu okùn rẹ̀ mọ́, ó sì ń yọ ṣáá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò ó. Ó ní ẹ̀rọ kò mọ ikú, nọ́ńbà ló mọ̀. Dókítà ló máa ń sọ fún un pé bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá wálẹ̀ kọjá ibi kan, kó pariwo. Bí iná rẹ̀ bá jẹ́ yẹ́lò, nǹkan kan ló yọ. Bó bá jẹ́ pupa, kí a sáré.

"Bọ́tìnnì yìí ńkọ́?"

"Ó ń pa á lẹ́nu mọ́ fún ìṣẹ́jú méjì péré. Kì í wo àìsàn o!"

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lọ́jọ́ kejì, èmi náà ti di ọ̀mọ̀ràn ẹ̀rọ. Nígbà tí àsìkò ìrun Àìlà tó, mo rí i pé ibùsùn ìyá mi kò kọjú sí gàbásì. Mo fi gbogbo agbára yí i, táyà rẹ̀ dún gbì, inú mi dùn. Àfi bí ẹ̀rọ ṣe figbe ta. Mo ní etí náà ni, mo tẹ bọ́tìnnì. N kò tilẹ̀ wo àwọ̀ iná.

Ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ ìrun wọn, ṣùgbọ́n èémí wọn ń já. Mo rò pé ẹkún ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni. Ẹ̀rọ tún ké. Mo na ọwọ́ láti tún tẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì já wọlé.

"Ta ló yí bẹ́ẹ̀dì yìí? Àlùfáà! Ẹ ti fi táyà gun rọ́bà tí ọ́síjìn ń gbà dé imú màmá!"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti táyà kúrò lórí rọ́bà náà. A jọ ń wo nọ́ńbà bó ṣe ń gòkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ètè ìyá mi tó ti ṣú tún padà pọ́n. Nígbà tí ohùn wọn jáde, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọn ò kọ́ ọ ní kéwú pé ibi tó bá rọ aláìsàn lọ́rùn ni yóò kọjú sí?"

Wọ́n kọ́ mi. Mo tiẹ̀ ti fi kọ́ ẹlòmíràn.

Ìyá mi ń bẹ láàyè lónìí, Alihamudulilahi. Nínú àdúrà mi, mo máa ń rántí ẹni kan tí n kò mọ̀, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà tí kò gbà kó dákẹ́ ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó ti mọ̀ pé irú èmi máa wà.