Amihan Di Ọwọ́ Baba Àlùfáà Mú

Tí ẹ bá gbọ́ ohùn obìnrin tó ń ké pe ọmọ ní àdúgbò wa ní Lampang láàárọ̀, ẹ má wulẹ̀ yọjú, Nenita Bagtas ni. Àwa ará Filipini tí iṣẹ́ tísà gbé wá sí ilẹ̀ Tailandi kò pọ̀ nílùú yìí. Bí a bá péjọ fún ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, ní òkè ilé tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì, òun ló ń dá orin, òun ló ń bu oúnjẹ, òun náà ló ń pàṣẹ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó jókòó dáadáa. Ate, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, ló ń pè mí, torí pé mo jù ú lọ dáadáa, àmọ́ kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó ti sọ mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ọmọ méjì ló bí. Jomar ti pé ọmọ ọdún méjìlá, Amihan àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún méje. Dario ọkọ rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àwo. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ tán ni tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í pẹ́ kó tó parí.

Ohun kan wà tí Nenita kì í fi ṣeré nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí, ìyẹn ni mano. Ọmọ tó bá rí àgbà gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀, kó tẹrí ba, kó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà kan iwájú orí ara rẹ̀. Àgbà á wá súre fún un pé kí Ọlọ́run ṣàánú fún un. Bí wọ́n ṣe tọ́ Nenita ní Batangas, nílẹ̀ Filipini, nìyẹn.

"Wọ́n lè gbàgbé èdè wa o," ló máa ń wí. "Wọ́n lè máa jẹ ata bí ará ibí. Àmọ́ ọmọ tí kò bá lè mano mọ́, ilẹ̀ àjèjì ti gbà á lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Jomar ń ṣe é dáadáa tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù rí i níbi tó ti gba ọwọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ni wọ́n bá sọ ọ́ di ẹlẹ́yà. Wọ́n ní ó ń gbóòórùn ọwọ́ ìyá arúgbó. Èmi ni ìyá arúgbó o, ẹ ṣeun. Láti ọjọ́ náà ló ti jẹ́ pé tí Jomar bá rí àgbà, á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kanra níwájú àyà bí wọ́n ti ń ṣe níbí, ó parí. Bó ṣe wá ń kí ìyá rẹ̀ náà nìyẹn.

"Ṣé tísà ẹ ni mí?" ni Nenita bi í.

"Nanay, bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn níbí nìyí."

"Níbí? Ṣé ibí ni mo bí ẹ sí?"

"Ibí ni mo ń gbé."

Nínú ilé ìdáná mi ni Nenita wá sunkún sí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ọmọ náà tún ti ń sọ èdè àwọn ará àríwá ibí, èyí tí wọ́n ń sọ lórí pápá bọ́ọ̀lù, bí ìpáǹle. "Ó ń dùn mí, Ate. Iwájú mi báyìí ló ti ń lọ."

Bó ṣe di pé Amihan ló kù nìyẹn. Ìyẹn kò mọ ìtìjú. Ó ń mano fún ẹni tó ń ta ẹja, fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì, kódà ó mano fún dókítà tó fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́.

Ó wá di ọjọ́ tí ilé ìwé wa gbé àbẹ́là ńlá lọ sí tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀rẹ̀ òjò. Gbogbo wa wà lórí ẹní. Ni àlùfáà àgbà tí gbogbo ìlú ń pè ní Luang Pu, ìyẹn Baba Àgbà, bá ń kọjá lọ láàárín wa. Amihan kò tíì rí ẹni tó gbó tó báyẹn rí láyé rẹ̀. Kí n tó sọ pé "Jókòó," ọmọ ti dìde, ó ti di ọwọ́ Baba mú, ó sì ti gbé e lé iwájú orí.

Obìnrin kì í fọwọ́ kan irú àlùfáà bẹ́ẹ̀, yálà ọmọdé ni tàbí àgbà. Ìyá tó bí i pàápàá, orí aṣọ ló ń gbé nǹkan lé fún un. Tẹ́ńpìlì hó yéè. Tísà kan fa Amihan sẹ́yìn láṣọ, ọmọ bú sẹ́kún. Wọ́n mú Baba wọlé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Khru Wilaiwan, ọ̀gá ilé ìwé, ránṣẹ́ pe Nenita àti Dario. Mo tẹ̀ lé wọn, torí pé èmi ni mo ń bá wọn túmọ̀ tó bá di ti èdè Thai. Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ àwọn òbí kò jẹ́ kí fóònù rẹ̀ sinmi. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì, ní ojú gbogbo ọmọ ilé ìwé, kí wọ́n mú Amihan lọ bẹ Baba, kí òun àti àwọn òbí rẹ̀ sì forí balẹ̀ níwájú ère Búdà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n wá ilé ìwé míì fún un. Ilé ìwé míì wo? Tiwa nìkan ni wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ nílùú yìí.

"Baba yẹn, màá kúnlẹ̀ fún un títí orúnkún mi á fi bó," ni Nenita wí. "Àgbà ni. Ère yẹn, rárá o. Kristẹni ni mí."

"Nenita, dín ohùn ẹ kù."

"Ate, mi ò tíì pariwo."

Nílé wọn nírọ̀lẹ́, Dario sọ ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní, "A máa lọ. A máa bẹ Baba. Tó bá di ti ère, a máa sọ pé a ò lè ṣe é. Ohun tó bá tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, a máa gbà á."

Amihan ń gbọ́. "Nanay, ṣé mano ò dáa ni?"

"Ó dáa."

"Kí ló dé tí wọ́n fi pariwo lé mi lórí?"

Jomar tó ń jẹun gbójú sókè wo àbúrò rẹ̀, kò sì jẹun náà tán.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Nenita àti Dario kúnlẹ̀, Amihan wà láàárín wọn, wọ́n jìnnà sí Baba díẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé kún orí ẹní, kíláàsì Jomar wà níwájú, àwọn agbábọ́ọ̀lù náà pé síbẹ̀. Èmi kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Nenita láti máa túmọ̀. Khru Wilaiwan sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì nawọ́ sí ọ̀nà ibi tí ère wà.

Baba gbọ́wọ́ sókè, ó bi wọ́n ní nǹkan. Èdè àríwá ni, ti ayé àtijọ́, láti ẹnu tí kò léyín. Èmi tí mo ń yangàn pé mo gbọ́ Thai, "ọmọ" nìkan ni mo gbọ́. Mo wo Khru Wilaiwan, ará Bangkok ni tirẹ̀, kò gbọ́ jù mí lọ. Gbogbo wa ń wo ara wa.

"Ó ń bèèrè pé kí ni ọmọ náà ń ṣe lọ́jọ́sí."

Jomar ni. Ó ti dìde láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wá síwájú, ó kúnlẹ̀, ó ń fi èdè pápá bọ́ọ̀lù tí ìyá rẹ̀ ń bú yẹn ṣàlàyé fún Baba, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

"Mo ní ó ń kí wọn ni. Mo ní bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa nìyẹn."

Baba tún sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní kí n ṣe é kí àwọn rí i."

Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀ fún ọmọkùnrin. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wò ó. Òun náà wò wọ́n, ó yíjú padà, ó gba ọwọ́ Baba, ó sì fi kan iwájú orí rẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, wọ́n fi ìgúnpá gbún un. Nenita gbá apá mi mú, ó ń ha mi léèékánná, mi ò lè sọ pé kó fi mí sílẹ̀.

Baba kọjú sí Khru Wilaiwan, Jomar sì túmọ̀: "Wọ́n ní ọmọ kí àwọn ni. Wọ́n ní ṣé èèyàn máa ń tọrọ àforíjì torí pé ó kí èèyàn ni?" Ọ̀gá tẹrí ba. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ère mọ́.

Baba kò tíì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún bèèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Wọ́n ní kí ni àgbà máa ń dáhùn. Mo sọ fún wọn pé... pé kí Ọlọ́run ṣàánú fún ọ."

Khru Wilaiwan di ojú. Baba rẹ́rìn-ín kèékèé, ó ní òun àti Ọlọ́run tiwa kò mọra, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi tòun ṣe é. Ló bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, Jomar ń túmọ̀ tẹ̀ lé e.

"Kí èmi àti Amihan dàgbà. Kí àìsàn má mọ ilé wa. Kí ojú òbí wa má rí ibi. Kí wọ́n pẹ́ jẹun ọmọ..."

"ÀMÍN!"

Igbe náà dún dé orí òrùlé. Ẹyẹlé fò jáde. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, Nenita ni, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ìgbà tó bá wà ní òkè ilé oníìrẹsì.

Nígbà tí à ń jáde, mo ní kí n fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Nenita, o ṣe àmín sí àdúrà tẹ́ńpìlì o. Kí ni ká sọ lọ́jọ́ Ìsinmi?"

"Ẹ sọ ohun tó bá wù yín, Ate. Àgbà ń súre fún ọmọ mi, ọmọ mi sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ṣé kí n dákẹ́ ni?"