Ọjọ́ Tí Wọ́n Wo Inú Ẹ̀dọ̀fóró Mi

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti ń jẹun alẹ́. Nínú agbo ilé wa ní Lèma, abúlé kan nítòsí Dassa, inú àwo kan náà ni àwọn ọkùnrin ti ń jẹun, èmi àti òun sì jọ ń jẹ tiwa. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe mí, èmi fúnra mi ni mo ní kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi máa bu tèmi sọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó lé mi. Mo lo oògùn fún oṣù mẹ́fà láìfo ọjọ́ kan. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, wọ́n ní kò sí kòkòrò níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ mi ò kúrò nídìí àwo mi, torí pé mo ṣì ń wúkọ́, òjìji kan sì wà lápá ọ̀tún nínú fọ́tò àyà tí wọ́n yà fún mi ní Dassa.

Dókítà ibẹ̀ wá kọ lẹ́tà pé kí n lọ sí Parakú, níbi tí ẹ̀rọ kan wà tó ń ya àwòrán inú ara, tí wọ́n ń pè ní sikanẹ́ẹ̀. Mo ti ní irùngbọ̀n kí n tó wọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n mo lè ka Faransé. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣì ń jà, ó sì fi àmì ìbéèrè sí i. Àmì yẹn ni mò ń rò títí a fi dé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mo tún máa bẹ̀rẹ̀ oògùn, mi ò sì mọ ìgbà tí mo máa tó bá ẹnikẹ́ni jẹun mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ló sìn mí lọ. Ẹ̀rọ náà dà bí ẹnu kànga tí wọ́n gbé nàró. Ọmọbìnrin tó ń darí rẹ̀ ní kí n dùbúlẹ̀, kí n na apá mi sókè orí, kí n fa èémí, kí n má sì mí títí òun á fi ní kí n mí. Mo wúkọ́. Ó ní àwòrán náà ti dàrú. A tún un ṣe, mo tún wúkọ́. Ó rò pé mi ò gbọ́ Faransé, ló bá lọ pe ẹ̀gbọ́n mi wá.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní: “Ìwọ tí a kì í gbóhùn ẹ láti àárọ̀ dalẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ní kó o dákẹ́ lo wá ń pariwo.”

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Ó dúró kó tán, ó wá ní: “Ṣe bí ẹni gbé iṣu gun òkè.”

Ẹ̀yìn òkè ni oko wa wà. Àpáta dídán kan wà lójú ọ̀nà tí a kì í mí lórí rẹ̀ bí a bá ru iṣu, torí pé èémí máa ń mi ẹrù, ẹsẹ̀ á sì yọ̀. Ìṣísẹ̀ méjìlélógún ni mo fi ń gùn ún kọjá. Mo dijú, mo ń gùn ún lọ lọ́kàn mi. Nígbà tí mo ka mọ́kàndínlógún, ọmọbìnrin náà ní kí n mí. Mo kọ́kọ́ gun èyí tó kù tán ná.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, dókítà gbé àwòrán náà sójú kọ̀ǹpútà ní Dassa. Fọ́tò àkọ́kọ́ dà bí ìgbà tí a wo iṣu láti ìta. Èyí ti gé mi ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìlo ọ̀bẹ. Dókítà fi ibì kan hàn mí tó funfun, tó sì sún kì. Ó ní bí àrùn bá ṣì ń jà, òun ì bá rí ohun wẹ́wẹ́ káàkiri bí ẹ̀ka igi tó ń rúwé. Kò sí.

“Àpá ni, bàbá. Àrùn ti lọ.” Ó ní àpá náà ló ń mú mi wúkọ́.

Mo bi í bóyá mo lè bá èèyàn jẹun nínú àwo kan. Ó wò mí, ó ní ó ti tó oṣù mélòó kan tí ó ti yẹ kí n ti máa ṣe bẹ́ẹ̀, ta ló kọ̀ fún mi?

Lálẹ́, mo sọ ohun tí dókítà wí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó rẹ̀ gbé àwo iyán méjì wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mú tèmi, ó dà á sínú tirẹ̀, ó sì ti omi sí mi pé kí n fọwọ́. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun nìkan ti ń jẹ ẹran inú àwo, ó sì ti mọ́ òun lára. Mo dúró kó kọ́kọ́ mú tirẹ̀, nítorí òun ni àgbà. Ó mú èyí tó tóbi.