Àárọ̀ tí Yìnyín Bo Irin Iná

Màmá tí mò ń tọ́jú ní Queens Village kò lè dá dìde lórí ibùsùn. Ọmọ wọn obìnrin máa ń tètè jáde lọ síbi iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, èmi a sì dé láti Brooklyn kí wákàtí kan tó pé. Wákàtí kan yẹn nìkan ni màmá máa ń dá wà nínú ilé.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò ń rọ̀, ó sì ń di yìnyín níbi tó bá ti kanlẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú irin wa ṣe gun orí afárá, iná bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà lábẹ́ rẹ̀ bíi ti ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ló bá dúró. Awakọ̀ ní yìnyín ti bo irin tó ń gbé iná fún ọkọ̀, iná ò kàn wá mọ́. Kò pẹ́ tí híítà náà fi kú. À ń wo títì nísàlẹ̀, a ò sì lè sọ̀ kalẹ̀.

Ó ti lé ní wákàtí méjì kí màmá tó pè mí.

"Ibo lo wà? Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

"Ọkọ̀ ló dá wa dúró, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù."

"Sùúrù ti tán. Màá gbìyànjú kí n dìde."

Ìgbà kan tí wọ́n dán an wò, ọwọ́ wọn ló kán.

"Ẹ má dìde, mà! Ẹ tọ̀ ọ́ síbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, màá fọ gbogbo ẹ̀."

"Èmi? Èmi tí mo ṣe ọ̀gá ilé ìwé? Kí n tọ̀ sórí ibùsùn bí ọmọ ọwọ́?"

Wọ́n pa fóònù. Mo pè, mo pè, wọn ò gbé e. Mi ò mọ̀gbà tí mo bú sẹ́kún láàárín àwọn tí ò gbọ́ èdè mi.

Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn wá tì wá dé ibùdókọ̀, táksí ni mo wọ̀. Ilẹ̀ ni mo rò pé màá bá wọn.

Orí ibùsùn ni wọ́n wà. Wọ́n kọjú sí ògiri, aṣọ ibùsùn rin gbindin. Mo dúpẹ́ nínú, mi ò lè sọ ọ́ síta, torí ẹkún ni màmá ń sun. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ wọ́n. Wọn ò wojú mi. Ìgbà tí mò ń wọṣọ fún wọn ni wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Má sọ fún ọmọ mi."

"Mi ò ní sọ, mà."

Nírọ̀lẹ́, ọmọ wọn bá fóòmù tí mo gbé ti ògiri kó lè gbẹ. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní tíì ló dà nù mọ́ mi lọ́wọ́. Ó bá mi wí gan-an, pé bó bá dà sí màmá lára ńkọ́? Mo ní kó má bínú. Màmá ń wò wá láti orí àga.